Ẹ Bi Àǹtí: Wọ́n ní iléèwé pátì lọmọ mi ń lọ

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí gan-an, orí ọ̀rọ̀ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn dá lé: ọtí àti iléèwé pátì, ìyẹn yunifásítì tí òkìkí pátì wọn kàn. Àsìkò tí àwọn ọmọ ń kó ẹrù lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà ti dé, ọkàn àwọn òbí ò balẹ̀. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀, mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston lèmi àtìyàwó mi ń gbé. Àkọ́bí wa obìnrin rí àdímíṣọ̀n sí University of Wisconsin ní Madison, ẹnjiníà ló fẹ́ kà. Inú wa ń dùn lọ ni àbúrò mi kan ní Chicago fi pè mí pé "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé iléèwé pátì nìyẹn?" Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, òótọ́ ni, wọ́n ti fi wọ́n ṣe nọ́ńbà wan rí. Ṣé kí n gbé e kúrò níbẹ̀ ni? Ta ló tiẹ̀ ń fún iléèwé nírú orúkọ yẹn? (Bàbá Àkọ́bí, Houston)

Ẹ kú oríire ọmọ, sà. Ẹ má tíì gbé e kúrò níbì kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí orúkọ yẹn ti wá.

Lísìtì tẹ́ ẹ rí yẹn, Princeton Review ló ń ṣe é nígbà yẹn, wọn ò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Princeton University o, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ fún ìdánwò tó sì ń ta ìwé nípa iléèwé ni wọ́n. Kò sẹ́ni tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ kó lọ ka ìgò ọtí. Àwọn ọmọ iléèwé fúnra wọn ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè: ṣé wọ́n ń mutí níbí, ṣé wọ́n ń lo oògùn, wákàtí mélòó lẹ fi ń kàwé lójúmọ́ lẹ́yìn kíláàsì, ṣé fraternity, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin iléèwé, gbayì lọ́dọ̀ yín. Wọ́n á ro gbogbo ìdáhùn yẹn pọ̀, ibi tí ọtí bá ti pọ̀ tí ìwé sì kéré ló máa bọ́ sókè. Ohun táwọn ọmọ rò nípa iléèwé wọn ni wọ́n ń kà yẹn, ọmọ tó sì ti gbọ́ látilé pé iléèwé pátì lòun ń lọ, kí lẹ rò pé ó máa kọ síbẹ̀? West Virginia University gba ipò kìíní ní 2007, ó tún gbà á ní 2012, Penn State gbà á ní 2009, Iowa ní 2013, Syracuse ní 2014 àti 2019, Madison tiyín yẹn ní 2016. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà bínú sí i débi pé ní 2002 wọ́n ní kí wọ́n yé tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ká tó máa gbọ́ ti Princeton Review, ìwé ìròyìn Playboy ló kọ́kọ́ dá àṣà yẹn sílẹ̀. Oṣù kìíní 1987 ni wọ́n kéde pé Chico State ní California lọ̀gá gbogbo iléèwé pátì, ọdún yẹn náà ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbi ọdún Pioneer Days tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, ni Robin Wilson tó jẹ́ ọ̀gá àgbà iléèwé bá fòpin sí ọdún náà pátápátá. Ọdún lọ, orúkọ ò lọ. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ti dàgbà, ó ti wọ Chico, wọ́n ṣì ń bi í pé ṣé torí pátì ló ṣe wá.

Madison náà sì ní ìtàn tiẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n parọ́ mọ́ wọn. Àwọn ará Jámánì tó ṣí wá sí Wisconsin láyé ọjọ́un ló gbé iṣẹ́ pọntí wá, Milwaukee tí ò jìnnà síbẹ̀ sì di ìlú bíà. Nígbà tí ìjọba tú òfin tó de ọtí ní 1933, inú Memorial Union, ilé tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń jẹun tí wọ́n ti ń ṣeré, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ta bíà, kò sì sí yunifásítì ìjọba tó ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wọn. Títí dòní ní Wisconsin, ọmọ tí ò tíì pé 21 lè jókòó ti bàbá ẹ̀ nílé ọtí kó mu, òfin ò dí i lọ́wọ́. Ẹ wá fi pátì Mifflin Street kún un. Oṣù karùn-ún 1969 ló bẹ̀rẹ̀, àsìkò ogun Vietnam, àwọn ọmọ fẹ́ jó lójú títì, ọlọ́pàá ní kò ṣeé ṣe, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta bára wọn fà á tòun ti tajútajú. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ọdọọdún, ọ̀rọ̀ ogun àti òṣèlú inú ẹ̀ ń yọ́ lọ títí ó fi ku ọtí nìkan.

Ẹ wo bí àwọn ìlú yẹn ṣe rí náà. Àwọn ọmọ tó ju 40,000 lọ nínú ìlú tí kò tóbi tó Ìbàdàn rárá, ilé tí láńlọ́ọ̀dù ń fi rẹ́ǹtì fún wọn sì jẹ́ ilé onípákó tó tò gbọọrọ lójú títì kan, ọgbà wọn ò ní ògiri, balùkóní wọn kọjú síra. Tí ọmọ kan bá tan sípíkà, gbogbo àdúgbò ti wà lóde. Tó bá tún jẹ́ Sátidé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, wọ́n á ti wà níbi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí láti àárọ̀ kùtù, wọ́n á ṣí bùútù sílẹ̀, wọ́n á máa yan ẹran, wọ́n á máa mu bíà, bàbá àtìyá wọn tó kàwé níbẹ̀ rí á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé Ìjẹ̀bú fẹ́ràn òde náà nìyẹn. Ṣé ìyẹn ní kí Ìjẹ̀bú má ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni? Ní 1998, Madison yìí kan náà ni James Thomson ti kọ́kọ́ rí stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara, yọ lára ọlẹ̀ èèyàn tó sì ń mú un dàgbà nínú láàbù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn àtàwọn tó ń jó ní Mifflin, ọgbà kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ohun tí màá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe rèé, sà. Òfin kan wà tó ń jẹ́ Clery Act, láti 1990, ó pọn dandan fún gbogbo yunifásítì tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ pé lọ́dọọdún, ó pẹ́ tán ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, kí wọ́n gbé ìwé jáde nípa ìwà ọ̀daràn inú ọgbà wọn, iye ọmọ tí wọ́n mú torí ọtí àtèyí tí wọ́n fà lé ìgbìmọ̀ iléèwé lọ́wọ́ wà nínú ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá a lórí ìkànnì iléèwé. Ẹ má kàn wo nọ́ńbà tó ga kẹ́ ẹ wá sá o, nígbà míì ibi tí nọ́ńbà ti ga nibi tí wọ́n ti ń mójú tó o, ibi tí wọ́n ti kọ òdo sílẹ̀ lè jẹ́ pé wọn ò wo ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rárá. Ẹ pe ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ibùgbé, ẹ bi wọ́n pé tí ọmọ kan bá mutí yó tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pe áńbúláǹsì, ṣé wọ́n á fìyà jẹ ọ̀rẹ́ yẹn. Ìdáhùn yẹn á sọ púpọ̀ fún yín ju lísìtì lọ.

Àǹtí, ẹ gbà mí. Ọmọkùnrin mi wà ní Ohio, ọdún kejì rèé. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ wọ "fraternity", ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bú sẹ́kún lórí fóònù. Ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mo torí ẹ̀ ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi? (Ìyá Ọlọ́jà, Bódìjà)

Mọ́mì mi, ẹ nu ojú. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù torí ìlú Ìbàdàn yín yẹn náà lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1952 ni Wole Soyinka àtàwọn mẹ́fà mìíràn dá Pyrates sílẹ̀ ní University College Ibadan, kì í ṣe ẹgbẹ́ apani nígbà yẹn, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí inú ń bí sí ìṣe òyìnbó àti ìgbéraga àwọn ọmọ olówó ni. Èyí táwọn mìíràn wá sọ ọ́ dà lẹ́yìn ọdún 1970 lọ, àdá àti ìbọn, ìyẹn ni ẹ̀yin mọ̀, òun lẹ gbọ́ lẹ́nu ọmọ yín. Ohun tó ń sọ kọ́ nìyẹn.

Fraternity lọ́dọ̀ tiwọn, ẹgbẹ́ gbangba ni. Phi Beta Kappa ló kọ́kọ́ fi lẹ́tà Gíríìkì sọrúkọ, ní 1776, ní William and Mary ní Virginia. Púpọ̀ nínú wọn ní ilé tiwọn, wọ́n gbé orúkọ kọ́ síwájú ilé, iléèwé mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ dúdú náà ní tiwọn, Alpha Phi Alpha ti wà láti 1906, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú wọn kì í ṣe kékeré, ẹ lè ti rí wọn tí wọ́n ń jó ijó àjùmọ̀fẹsẹ̀janlẹ̀ wọn níbi ìgbéyàwó. Ilé tí wọ́n ní yẹn gan-an ló fà á tí wọ́n fi jẹ́ olórí pátì, torí nínú ibùgbé iléèwé, alábòójútó á kanlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilé tiwọn wà lọ́tọ̀, ọmọ tí ò lè ra ọtí ní ṣọ́ọ̀bù torí ọjọ́ orí ẹ̀ á lọ mu ún níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, Mọ́mì. Ìdí kan wà tó fi yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, kì í kàn ṣe èyí tẹ́ ẹ rò ni. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbani wọlé lewu, wọ́n ń pè é ní hazing, wọ́n á fìyà jẹ ọmọ tuntun kí wọ́n tó kà á kún tiwọn. Ní 2005 ní Chico tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọdún 21 kan kú nínú àjà ilẹ̀ ilé ẹgbẹ́ kan nínú òtútù, kì í ṣe ọtí ló pa á, omi lásán ni, wọ́n ń fipá mú un mu ún títí iyọ̀ ara ẹ̀ fi ṣàn. Ilé ẹgbẹ́ tí iléèwé ti lé jáde tẹ́lẹ̀ nilé yẹn, òfin Matt's Law ní California ni wọ́n fi ń rántí ẹ̀. Ní Penn State ní 2017, ọmọ ọdún 19 ṣubú látorí àtẹ̀gùn lálẹ́ ọjọ́ tó wọ ẹgbẹ́, nǹkan bí wákàtí 12 kọjá kẹ́nikẹ́ni tó pe áńbúláǹsì. Ní Ohio tí ọmọ yín wà gan-an, ní Bowling Green ní oṣù kẹta 2021, wọ́n ní kí ọmọ ogún ọdún kan dá ìgò ọtí líle kan mu tán, kò sì jí mọ́. Ẹ má sì rò pé àrùn àwọn òyìnbó nìkan ni, ní Florida A&M tó jẹ́ yunifásítì àwọn dúdú, ní 2011, wọ́n lu ọmọ kan pa nínú bọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ onílù iléèwé sì lèyí, kì í tiẹ̀ ṣe fraternity.

Ọdún 2021 yẹn náà ni Ohio ṣe òfin tuntun, Collin's Law, ẹni tó bá fipá fún ọmọ lọ́tí níbi ìgbàwọlé tí ara ọmọ yẹn wá bàjẹ́, ẹ̀wọ̀n gidi ló ń wò. Lóṣù kejìlá 2024, ìjọba àpapọ̀ náà ṣe tiwọn, tó ní kí iléèwé máa gbé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó bá hùwà yẹn síta. Nítorí náà, ẹ má ké mọ́ ọn mọ́. Ẹ ní kó dárúkọ ẹgbẹ́ yẹn fún yín létà-létà, kó wá orúkọ ẹ̀ nínú ìwé tí iléèwé gbé jáde. Tí wọ́n bá ti lé ẹgbẹ́ yẹn kúrò lórí lísìtì iléèwé rí, ẹ fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ kó má débẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó ṣe nǹkan tí kò lè sọ fún yín, kó wọ bàtà ẹ̀ kó máa bọ̀ nílé. Ọmọ tó ń pe ìyá ẹ̀ láti sọ pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ọmọ tó ń bá yín sọ òótọ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹkún yín pa ẹnu yẹn dé.

Àǹtí, kò sí iléèwé tí wọn ò ti kì í mutí rárá ni? (Pásítọ̀, Atlanta)

Ó wà, sà. Brigham Young University ní Utah, tàwọn ìjọ Mormon. Wọ́n ti gba ipò kìíní nínú iléèwé tí ọtí ti jìnnà sí jù fún ohun tó ju ogún ọdún léra wọn, lọ́dọ̀ Princeton Review yẹn kan náà. Wọn ò gba kọfí tiẹ̀ láyè nínú òfin ìwà tí ọmọ máa fọwọ́ sí.

Àǹtí, ọmọ Akoka ni mí, 19 ni mí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí wa ká tó ra bíà níbí, a ò sì ń ya wèrè bíi tàwọn Amẹ́ríkà tí mò ń rí nínú fídíò. Ṣé òfin 21 wọn yẹn kọ́ ló fà á? (Ọmọ Fásìtì)

Ìbéèrè rẹ dáa gan-an, àwọn àgbà náà ti jà lé e. Ní 1984 ni Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin pé ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé ọjọ́ orí ọtí dé 21, wọ́n á yọ lára owó títì tí ìjọba àpapọ̀ ń fún wọn. Gbogbo ìpínlẹ̀ sì gbà nígbẹ̀yìn torí ta ló fẹ́ pàdánù owó títì. Jàǹbá ọkọ̀ tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ ló fà á, òfin yẹn sì ṣiṣẹ́ lójú títì, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ní 2008, àwọn ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ju 100 lọ fọwọ́ sí ìwé tí John McCardell tó ti jẹ́ ọ̀gá Middlebury kó jọ, wọ́n ní ká tún ọ̀rọ̀ 21 yẹn jíròrò, torí òfin ti lé ọtí wọ inú yàrá àtàjà ilẹ̀, ibi tágbà kankan ò ti lè rí i. Kò sí nǹkan tó yí padà.

Èmi rò pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọmọ tó mọ̀ pé òun ò ní rí ọtí rà níbi tóun ń lọ á kọ́kọ́ dá ọtí líle mu kíákíá nínú yàrá kó tó jáde, kíákíá yẹn ló ń pani. Àmọ́ ìwọ náà má fi Akoka yangàn jù, mo ti dé pátì ìparí ọdún àwọn ọmọ yunifásítì ní Èkó, àwọn tí mo rí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́wọ́ ò kéré.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Bowie ní Maryland la wà. Ọmọbìnrin mi ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, mi ò dárúkọ iléèwé. A ò kì í sọ̀rọ̀ ọtí nílé wa, ilé onígbàgbọ́ ni. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ bí ẹni pé mo fàyè gbà á ni. Kí ni kí n sọ? (Ìyá Adùkẹ́)

Ẹ sọ ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́, kó tó wọ mọ́tò. Mi ò kì í sọ ìtàn yìí, àmọ́ màá sọ ọ́ fún yín.

Ọdún méjì ni mo fi ṣe alábòójútó ibùgbé nígbà tí mo ń kàwé, RA ni wọ́n ń pè é, iléèwé tí mi ò ní dárúkọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n wọlé, rúùmèètì ọmọ kan wá kanlẹ̀kùn mi ní aago mẹ́ta òru, ó ní ọ̀rẹ́ òun ń hanrun lọ́nà tí kò yé òun. Mo débẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dojú kọ àjà, ètè ẹ̀ ti ń dúdú, mo ka èémí ẹ̀, ìkan á wá, màá ka ẹni, èjì, ẹ̀ta títí dé mẹ́wàá, òmíì ò tíì wá. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo? Wọ́n ní láti aago méjìlá. Wákàtí mẹ́ta! Wọ́n ti fún un ní kọfí, wọ́n ti da omi tútù sí i lára, wọ́n ti ṣe gbogbo nǹkan àyàfi kí wọ́n pe 911, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé àwọn kúrò níléèwé, ìkan nínú wọn, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, ń sunkún pé "dádì mi á pa mí." Ọmọ yẹn ò kú, ọpẹ́lọpẹ́ áńbúláǹsì. Títí dòní tí mo bá gbọ́ kéèyàn máa hanrun báyẹn, mo máa ń dìde.

Ẹ sọ fún Adùkẹ́ pé kọfí àti omi tútù ò lè yọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, kò sì ṣeé lé níré. Ẹni tó bá yó tí kò jí, tí èémí ẹ̀ ń falẹ̀, tí ara ẹ̀ tutù, kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí èébì má baà há a lọ́fun, kí wọ́n má fi í sílẹ̀, kí wọ́n pe 911. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti iléèwé ló ti ṣòfin pé wọn ò ní fìyà ọtí jẹ ẹni tó pè, Maryland wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pẹ̀lú pé ẹ̀yin náà ò ní fìyà jẹ ẹ́. Gbólóhùn yẹn gan-an ni ọmọ tó ń sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò gbọ́ nílé.

Kó sì mọ̀ pé irọ́ ni pé gbogbo ayé ló ń mu ún. Henry Wechsler ní Harvard béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ju 17,000 lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì 140 ní 1993, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn mu ún ní àmujù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ìyẹn pọ̀ o, àmọ́ àwọn tí ò ṣe bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti rí i láti 1986 pé àwọn ọmọ máa ń rò pé àwọn yòókù ń mu ju bí wọ́n ṣe ń mu lọ, wọ́n á wá gbìyànjú láti bá a dọ́gba. Àwọn tó wà ní yàrá wọn tí wọ́n ń wo fíìmù tàbí tí wọ́n ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, wọn ò pariwo, kò sẹ́ni tó ń rí wọn.

Ẹ má dúró de iléèwé kí wọ́n pè yín. Òfin tó dáàbò bo àṣírí ọmọ iléèwé, FERPA, kò jẹ́ kí wọ́n máa ròyìn fún òbí, láti 1998 ló ti gbà wọ́n láyè láti sọ tí ọmọ tí ò tíì pé 21 bá rú òfin ọtí, ṣùgbọ́n kò pọn ọ́n ní dandan, ọ̀pọ̀ ò ní sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló le jù, ọmọ ò tíì lọ́rẹ̀ẹ́, ó ń wá ẹni tó máa bá lọ. Ẹ máa pè é láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kì í ṣe láti bi í nípa ìwé. Ẹ bi í pé ta ló bá jẹun lánàá. Tó bá dárúkọ èèyàn kan, ẹ rántí orúkọ yẹn, kẹ́ ẹ béèrè ẹni yẹn nígbà míì tẹ́ ẹ bá tún pè é.